Ọmọ kan kọ "Ara mi le", ó sì dákẹ́: kí ni kí tíṣà kọ padà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ 43 ló wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 11 sí 12 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ wọ́n. Mo wá ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa ara wọn. Àròkọ kan náà ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ: orúkọ mi ni báyìí, mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, mo fẹ́ di dókítà. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: 'Ara mi le.' Mo fi bírò pupa kọ 'Ó kéré jù' sí i lábẹ́, mo sì fún un ní máàkì 4 nínú 20. Láti ọjọ́ náà, kì í wo ojú mi mọ́. Báwo ni mo ṣe lè fi ìwé kíkọ sún mọ́ àwọn ọmọ yìí? Ṣé wọn ò ní rí mi fín? Ṣé kí n máa ṣàtúnṣe àṣìṣe wọn? Níbo ni mo sì ti fẹ́ rí àkókò rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ máàkì 4 yẹn pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ká yín lára.

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tíṣà ní kó kọ̀wé nípa ara rẹ̀. Kó tó fi bírò kan ìwé, ọkàn rẹ̀ ti ń bi í léèrè pé: ta ni yóò kà á, kí sì ni onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe? Ìdáhùn wà níwájú rẹ̀ gbangba. Tíṣà ni yóò kà á, máàkì ni yóò sì fún un. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé ayé òun sórí ìwọ̀n, nǹkan tí kò ní dun òun bí ó bá fúyẹ́ ni yóò gbé síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn yòókù fi kọ bọ́ọ̀lù àti dókítà. Ní tirẹ̀, "Ara mi le" kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé ni, kò sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kíláàsì tiyín nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Britton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé tó lé ní 2,000 jọ, èyí tí àwọn ọmọ ọdún 11 sí 18 kọ ní ilé-ìwé, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1975. Ìbéèrè kan nínú ìbéèrè wọn ni pé ta ni ọmọ ń kọ ọ́ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ìwé náà tó jẹ́ pé olùyẹ̀wò, ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì, ni ọmọ fi sọ́kàn tó fi ń kọ ọ́. Èyí tí ọmọ kọ sí tíṣà gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tó fọkàn tán kéré jọjọ. Tíṣà kan náà sì ni o. Ibi tó dúró sí nínú ọkàn ọmọ ló yàtọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé èsì tí tíṣà kọ padà ló ń so òun àti ọmọ pọ̀. Ọmọ lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa ilé wọn. Bí kò bá rí èsì ẹni tó kà á lábẹ́ rẹ̀, ojú ìwé mẹ́wàá yẹn yóò dà bí ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú kànga. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn kan péré tó bá rí èsì gidi lè di ọ̀rọ̀ ọdún kan.

Tíṣà kan wà ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Leslee Reed lorúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn tó ti àwọn ọmọ yín ló ń kọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tó bá wà lọ́kàn wọn sínú ìwé kan fún un, ojoojúmọ́ ni òun náà sì ń kọ èsì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí máàkì níbẹ̀, kò sì sí pé ó ń fàlà sábẹ́ àṣìṣe. Jana Staton, Roger Shuy tó jẹ́ onímọ̀ èdè, àti àwọn mìíràn fara balẹ̀ ka ìwé tí kíláàsì náà kọ ní ọdún ẹ̀kọ́ 1979 sí 1980. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí wọ́n rí ni ti àròyé. Àwọn ọmọ náà ń ṣàròyé dáadáa: iṣẹ́ yìí ti le jù, ẹni báyìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, àròyé wọn ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí i. Wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n ń sọ ìdí, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ibi tó dára mọ́ ibi tí kò dára. Ẹnì kan ṣáà ń gbọ́ wọn ni, ó sì ń dá wọn lóhùn. Láti ìgbà náà, àwọn tíṣà ti lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ èdè tuntun, àti fún àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ràn. Èmi máa ń pè é ní ìwé àjọsọ, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ dá sílẹ̀.

Ẹ wá ìwé tó yàtọ̀ sí ìwé iṣẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kékeré ló dára, ojú ìwé ńlá tó ṣófo máa ń dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ. Èyí ni ọ̀pọ̀ tíṣà kì í ṣe: wọ́n fẹ́ kí ọmọ tú ara rẹ̀ síta fún ẹni tí kò tíì sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ rí. Ẹ kọ lẹ́tà ìdajì ojú ìwé sí kíláàsì, kí ẹ kà á sí wọn létí. Mi ò ní kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ọ̀rọ̀ inú yàrá yín fún wọn o. Ẹrù àgbà kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé ọmọdé lórí. Ohun kékeré tó jẹ́ òótọ́ ni. Nínú lẹ́tà tèmi àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé mo máa ń kólòlò nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, àti pé tí a bá ń kàwé sókè, ńṣe ni mo máa ń ka àwọn tó wà níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí agogo lù kó tó kàn mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ mẹ́ta kọ̀wé sí mi nípa kíkàwé sókè. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ń pè ní olóríkunkun tẹ́lẹ̀, nítorí pé nígbàkigbà tí mo bá pè é láti kàwé ló máa ń sọ pé ìwé òun ti sọnù.

Ẹ má ṣe sọ pé "Ẹ kọ nípa ara yín" mọ́. Ó fẹ̀ jù. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kó sọ nípa ara rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àti iṣẹ́. Ìbéèrè tó kéré, tó sì ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú, ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì yìí kò mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe? Apá wo nínú ọjọ́ ló máa ń pẹ́ jù lójú rẹ? Ariwo wo lo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí o bá jí? Kí ni mo máa ń ṣe ní kíláàsì tí kì í dùn mọ́ ọ nínú? Kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn lè fi ìbéèrè yín sílẹ̀, kí wọ́n kọ nǹkan mìíràn, tàbí kí wọ́n yàwòrán. Ọmọ tó bá kọ "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí" ti kọ̀wé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ fún yín.

Ó wá ku ti èsì, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé: "Lánàá mo tún rédíò bàbá àgbà mi ṣe. Ó ti ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n apá kan nìkan ló ń sọ̀rọ̀." Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo kàn kọ "Ó dára gan-an! Máa bá a lọ" sí i lábẹ́. Nígbà tí ìwé rẹ̀ tún padà dé ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀: "Ẹ ṣé." Ó parí. Mo wo ohun tí mo kọ, mo sì rí i pé mo lè kọ ọ́ sábẹ́ ìwé ọmọ èyíkéyìí láìka ìwé náà rárá. Mo bá tún kọ pé: "Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Apá kan tí kò sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé wáyà rẹ̀ ló já, àbí nǹkan inú rẹ̀ ló ti jóná? Ọ̀kan wà nílé tèmi náà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbá a lórí ni, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é." Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ló fi dá mi lóhùn. Ó fi pẹ́ńsù ya inú rédíò náà, ó fi ọfà tọ́ka sí ibi tí wáyà ti já, ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé kí n má gbá a lórí mọ́, pé gbígbá yẹn gan-an ló ń já wáyà.

Ẹ wo èsì kejì yẹn dáadáa. Ohun tirẹ̀ gan-an ni mo dárúkọ, mo fi nǹkan kékeré tèmi lélẹ̀, mo sì béèrè ohun tí mi ò mọ̀ lóòótọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára jọjọ. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tí tíṣà ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Ọjọ́ tó bá béèrè ohun tí òun kò mọ̀, ọmọ á mọ̀ ọ́n lára. Ìbéèrè kan ṣoṣo sì ti tó. Bí ẹ bá to mẹ́ta léra, ó ti di ìwádìí ọlọ́pàá.

Ní 1958, Ellis Page gbé ìwádìí kan jáde tí tíṣà 74 àti akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 2,000 kópa nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dá ìwé ìdánwò padà, máàkì nìkan ni àwọn kan rí gbà. Àwọn kan gba ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ẹni tó gba irú máàkì kan. Ní ti àwọn tó kù, tíṣà kọ ohun tó rí pé ó bá ẹni yẹn mu. Nínú ìdánwò tó tẹ̀ lé e, àwọn tí tíṣà dìídì kọ̀wé sí ló ṣe dáadáa jù, àwọn tó gba máàkì lásán ló sì wà lẹ́yìn. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ ń kọ sábẹ́ ìwé.

Ní ti àṣìṣe, ẹ má fọwọ́ kàn án nínú ìwé àjọsọ. Ẹ fi bírò pupa sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Bí ọmọ bá kọ "aburo mi subu lana" láìfi àmì kankan sí i, ẹ kọ èsì pé: "Nígbà tí àbúrò rẹ ṣubú lánàá, ta ló kọ́kọ́ gbé e dìde?" Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, láti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ jẹ lógún. Bí gbólóhùn rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń kà á ṣe máa sọ ọ́: "Mi ò mọ ẹni tó sá lọ nínú ìtàn yẹn, ṣé ìwọ ni àbí òun?" Àtúnṣe ni ìyẹn náà, kò sì ní ègbo.

Inú àròkọ gidi ni kí ẹ ti máa ṣàtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti lo àkókò láti kọ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ má tètè kọ máàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ruth Butler fi èyí wò nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1988: àwọn ọmọ kan gba ọ̀rọ̀ nìkan, àwọn kan máàkì nìkan, àwọn kan méjèèjì. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn tẹ̀ síwájú. Àwọn tó gba méjèèjì kò sàn ju àwọn tó gba máàkì lásán lọ. Èmi gbà pé bí ọmọ bá ti rí 4 nínú 20, kò tún sí ọ̀rọ̀ tí yóò kà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwádìí kan tún wà tí David Yeager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2014. Lẹ́yìn tí àwọn tíṣà ti ṣàtúnṣe sí àròkọ àwọn ọmọ, wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ti àwọn kan, tíṣà kọ ọ́ pé òun ṣe àtúnṣe yìí kí ọmọ lè mọ èrò òun nípa iṣẹ́ rẹ̀. Lórí ti àwọn yòókù, ó kọ ọ́ pé òun ṣe é nítorí pé ohun ńlá ni òun ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì mọ̀ pé ó lè dé ibẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún àròkọ wọn kọ nígbà tí wọ́n gba bébà àkọ́kọ́. Ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún un kọ nígbà tí wọ́n gba èkejì. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ sọ gbólóhùn yẹn di oògùn tí ẹ óò máa lẹ̀ mọ́ gbogbo ìwé. Àtúnṣe tó fara balẹ̀ wà nínú àròkọ yẹn lóòótọ́. Bébà yẹn kàn sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ kò kà, ọmọ á mọ̀.

Àkókò ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ 43 ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 35 nìyẹn; ẹ kò ní ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ pín wọn: ọmọ mẹ́sàn-án lóòjọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 27 ni lóòjọ́. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kọ ọ́ ní kíláàsì, kí ẹ̀yin náà máa kọ èsì ti ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé, ó ku ìṣẹ́jú 17 nìyẹn. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan: àwọn ọmọ tó mọ̀wé kọ ni yóò máa gba gbogbo yíǹkì yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Láàárín oṣù, ẹ ṣí ìwé wọn sílẹ̀ kí ẹ wo ẹni tí èsì yín sí i kúrú jù. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le, ẹ kọ ìlà kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣí ìwé rẹ̀ kó bá òfìfo níbẹ̀.

Pé kí wọ́n má rí yín fín, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Òfin kíláàsì kò yí padà, ẹ̀yin náà ò sì ní máa kọ̀wé bí ọ̀rẹ́ wọn. Ọmọ kan kọ ọ́ sí mi rí pé: "Ẹ máa ń pariwo jù." Mo kọ padà pé òótọ́ ni, mo pariwo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti pé ariwo àwọn tó wà lójú fèrèsé ló mú mi ṣe é, mo ní kó sọ ohun tí ì bá ṣe tó bá jẹ́ òun ni tíṣà. Ó ní òun ì bá lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kí òun sì dúró. Mo ń lù ú bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọmọ yẹn kò rí mi fín.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù díẹ̀ ni àṣírí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní ka ìwé wọn sókè, ẹ kò sì ní fi han ọmọ kíláàsì kankan. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 1989 fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí rẹ̀ ní abala 16, ṣùgbọ́n abala 19 rẹ̀ ní kí á dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìpalára. Nítorí náà, ẹ má ṣe ìlérí pé "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé." Ẹ ní: "Bí mo bá rí i nínú ìwé rẹ pé ẹnì kan ń pa ọ́ lára, tàbí pé o fẹ́ pa ara rẹ lára, mo máa sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, mo sì máa jẹ́ kí o mọ̀ kí n tó sọ ọ́." Bí irú rẹ̀ bá wá dé, ẹ má fi èsì inú ìwé nìkan ṣe é. Ẹ rí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má tọ pinpin rẹ̀, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ pẹ̀lú déètì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ ará ilé ni ọmọ náà tọ́ka sí, ẹ má kọ́kọ́ pe ilé. Kí ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn òbí sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé náà wà. Orí bébà, nínú ilé-ìwé, ni kí ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ má gbé e lọ sórí fóònù ní alẹ́.

Ó wá kan ọmọbìnrin yín. Ẹ fagi lé máàkì yẹn fún gbogbo kíláàsì, kí ó má ba à dà bíi pé òun nìkan lẹ ń bẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àjọsọ rẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé gígùn. Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí n ó kọ nìyí: "Mo fún ọ ní máàkì lórí ohun tí kò yẹ kí n fún ní máàkì, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára sí i. Má bínú. O ní ara rẹ le, inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ara tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ le lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀fìnkìn ń yọ mí lẹ́nu. Láti ẹ̀yìn tí o máa ń jókòó sí yẹn, kí lo máa ń rí ní kíláàsì wa tí èmi ò lè rí láti iwájú?"

Ẹ fi ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bó bá tún kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ fèsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.